Bí ajá bá jẹ ọ̀rá àsè, ẹ má ṣe rọ epo pupa sí i lẹ́nu

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì dúpẹ́ pé ẹ ń fi ojú ìwé sílẹ̀ fún àwa òǹkàwé láti sọ èrò ọkàn wa. Ọ̀rọ̀ tí mo ń mú wá lónìí jẹ mọ́ ajá tí ó jẹ ọ̀rá púpọ̀ nínú oúnjẹ ènìyàn, ìbáà jẹ́ pé ẹni tó ni ín ló fún un, ìbáà sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló lọ ṣí ìkòkò. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín fi sọ́kàn, gbogbo ohun yòókù tí n ó sọ ni yóò sì máa tì í lẹ́yìn: epo pupa tí a máa ń sáré rọ sẹ́nu ajá tí ó ń bì kò wo ohunkóhun sàn lára rẹ̀, ó sì lè jẹ́ òun gan-an ni yóò pa á.

Ilé ìwòsàn ẹranko ni mo ti ṣiṣẹ́ ní ìlú Ìbàdàn títí mo fi fẹ̀yìn tì. N kì í ṣe dókítà. Èmi ni mo máa ń bá wọn di ajá mú, tí mo máa ń gbé e lé òṣùwọ̀n, tí mo sì máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó mú un wá léèrè ohun tí ajá náà jẹ kẹ́yìn. Lẹ́yìn ọdún Iléyá àti lẹ́yìn Kérésìmesì, ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: ọ̀rá ẹran, awọ adìyẹ, ìsàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀, òróró tí ó kù lẹ́yìn tí wọ́n dín ẹran tán.

Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí nígbà Iléyá. Àwọn Mùsùlùmí àdúgbò á pa àgbò, wọn á sì pín ẹran fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbé, láìka ẹ̀sìn tí oníkálukú ń ṣe sí, èyí tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìwà tí mo fẹ́ràn jù nínú ìgbé ayé àwa Yorùbá. Nígbà tí ẹran náà bá dé ilé, ìyàwó ilé á gé ọ̀rá inú tí ó dì mọ́ ìfun àti kíndìnrín kúrò, nítorí pé dókítà ti kìlọ̀ fún bàbá ilé nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò ní fẹ́ dà á nù, ajá sì wà nítòsí tí ó ń ju ìrù. Ní oṣù Kejìlá, awọ tòlótòló ni yóò gba ipò ọ̀rá àgbò. Ní ti òde ìnáwó, bí àwọn alásè bá ti kó ìkòkò kúrò, gbogbo ajá àdúgbò ni yóò wá lá ibi tí wọ́n da òróró sí, tí wọn yóò sì tú àpò àjẹkù lábẹ́ kánópì. Àwọn ènìyàn wa tó ń gbé ní Amẹ́ríkà náà mọ̀ pé, bí Thanksgiving, ọdún ìdúpẹ́ wọn, bá ti ń sún mọ́lé ní oṣù Kọkànlá, àwọn dókítà ẹranko ibẹ̀ a máa kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún ajá ní awọ tòlótòló.

Ọ̀rá tí ó dà bíi pé kò tó nǹkan lójú wa kì í ṣe kékeré fún ajá. Gíráàmù ọ̀rá kan ní kálórì 9, bẹ́ẹ̀ ni gíráàmù kan èròjà amáradàgbà tàbí èròjà afúnnilókun kò ju 4 lọ. Ajá tí ó wọn kìlógíráàmù 10, èyí tí ó jẹ́ ajá tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, nílò nǹkan bí kálórì 600 ní òòjọ́. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan tí ó kún fún òróró ní nǹkan bí 120, tí í ṣe ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ohun tí ajá náà yẹ kí ó jẹ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bí a bá fún un ní ọ̀rá tí ó tó ṣíbí márùn-ún, oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ti pé nìyẹn, kí a tó wá gbé èbà àti ẹja rẹ̀ fún un.

Lẹ́bàá àpòlùkù ajá, ní ibi tí ìfun ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yà ara kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní pancreas. Àwa ènìyàn náà ní in. Òun ni ó ń pèsè oje tí ó ń yọ́ ọ̀rá àti ẹran tí ajá bá jẹ, òun náà ni ó sì ń pèsè insulin tí ó ń ṣàkóso ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ara bá le, oje náà kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí yóò fi dé inú ìfun. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìtọ́jọ́, nínú pancreas gan-an, tí yóò wá máa yọ́ ẹran ara tí ó pèsè rẹ̀. Ẹ̀yà ara náà á wú, ìrora rẹ̀ á le, bí ó bá sì pọ̀, á ran ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀fóró. Oúnjẹ ọlọ́ràá tí kò mọ́ ajá lára wà lára àwọn ohun tí àwọn dókítà ẹranko mọ̀ pé ó máa ń fa àìsàn yìí. Kì í ṣe gbogbo ajá tí ó jẹ ọ̀rá ni yóò ní in. Ìgbẹ́ gbuuru ọjọ́ kan tàbí méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò fi ṣe é, tí yóò sì tán. Àwọn tí ẹ̀rù wọn ń bà mí jù ni ajá tí ó ti sanra ju bí ó ti yẹ lọ, ajá tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń lọ, èyí tí irú àìsàn yìí ti ṣe rí, èyí tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, àti àwọn ajá kéékèèké ilẹ̀ òkèèrè bíi Miniature Schnauzer àti Yorkshire Terrier. Ajá ìbílẹ̀ wa náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èébì ni àmì tí ènìyàn yóò kọ́kọ́ rí, tí ajá yóò sì kọ oúnjẹ. Ara rẹ̀ á rọ̀, kò ní fẹ́ kí a fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó sì lè máa ya ìgbẹ́ gbuuru. Àmì kan wà tí àwọn ará ilé kì í fura sí: ajá á na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, á fi àyà lélẹ̀, á sì gbé ìdí sókè bí ẹni tí ó forí kanlẹ̀ níbi tí ó ti ń kírun, á sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ọmọ a máa rò pé ó ń ṣeré ni. Inú ló ń run ún, ó sì ń wá bí ìrora náà yóò ṣe dẹ̀.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí le ni pé àìsàn náà lè pẹ́ kí ó tó hàn. Nígbà mìíràn, wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí ajá jẹun ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó lè di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Nígbà yẹn, ọdún ti tán, àlejò ti lọ, àwọn ará ilé sì ti gbàgbé ọ̀rá tí wọ́n jù sílẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ ọdún. Ajá tí ara rẹ̀ le ní àná wá dùbúlẹ̀, ó ń bì, kò sì da ẹnikẹ́ni lóhùn. Èrò tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn ènìyàn ni pé wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ. Ẹni tí a ó dárúkọ kì í sì í jìnnà: aládùúgbò tí ó máa ń ráhùn pé gbígbó ajá náà kì í jẹ́ kí òun sùn, tàbí ọmọkùnrin tí ó sọ òkò lù ú lọ́jọ́sí, tàbí àwọn olè tí a rò pé wọ́n ń wá ọ̀nà wọlé. Mo mọ ìdílé méjì tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà kan ṣoṣo, tí wọ́n jọ ń jẹ ẹran ọdún, tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ajá tí ó kú lẹ́yìn ọdún. N kò sọ pé kò sí ẹni tó ń fi májèlé pa ajá ní ìlú wa. Ó wà, ìwà ìkà sì ni. Ṣùgbọ́n kí a tó na ìka sí ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ohun tí ọwọ́ wa fún ajá náà láti bí ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn.

Inú èrò májèlé yìí ni ọ̀rọ̀ epo pupa ti ń wá. Ọ̀pọ̀ ilé ló gbà pé epo máa ń pa oró májèlé, nítorí náà, bí ajá bá ti bì lẹ́ẹ̀mejì, wọn á ní kí wọ́n tètè gbé ìgò epo wá. Ẹnìkan á di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ẹlòmíràn á ya ẹnu rẹ̀ sókè, wọn á sì máa da epo sí i lọ́fun bí ó ti ń jà. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, n kò sì fẹ́ bú ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a yẹ ohun tí a ṣe wò. Ọ̀rá ni ó dá wàhálà sílẹ̀, ọ̀rá náà ni epo pupa jẹ́. Ìdajì ife epo ju oúnjẹ òòjọ́ ajá oníkìlógíráàmù 10 lọ, ó sì ń bọ́ sínú ara tí kò lè gba ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tí ó tún burú jù ú lọ ni pé ajá tí ó ti rẹ̀, tí a gbé orí rẹ̀ sókè, tí èébì sì ń gbé, kò lè gbé epo mì dáadáa. Epo kì í mú ọ̀nà èémí húkọ́ bí omi ti máa ń ṣe, nítorí náà ó lè yọ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ajá tí inú ń run lásán ní òwúrọ̀ á wá di ajá tí kò lè mí dáadáa ní ọjọ́ kejì, ìtọ́jú èyí sì le ju ìtọ́jú èébì lọ fíìfíì. Mo ti gbọ́ irú mímí bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì, n kò sì fẹ́ kí ajá ẹnikẹ́ni tún mí bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tí a lè yẹra fún.

Bí ó bá tilẹ̀ wá jẹ́ májèlé ní tòótọ́ ńkọ́? Epo kì í pa oró rẹ̀. Àwọn májèlé kan wà tí wọ́n máa ń yòrò nínú ọ̀rá, epo sì lè mú kí wọ́n tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Mílíìkì agolo náà kì í ṣe oògùn: ọ̀rá wà nínú rẹ̀, inú ọ̀pọ̀ ajá tó ti dàgbà kì í sì í gba ṣúgà inú wàrà, ìgbẹ́ gbuuru ni yóò fi kún un. Bákan náà ni kò yẹ kí a fi omi iyọ̀ tàbí ìka mú kí ajá bì. Iyọ̀ púpọ̀ lè fa gìrì fún un, ó sì lè pa á.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Kí a kọ́kọ́ kó oúnjẹ tó kù kúrò níwájú rẹ̀, kí a sì ti ilé ìdáná. Lẹ́yìn náà, kí a wádìí ohun tí ó jẹ, bí ó ti pọ̀ tó, àti ìgbà tí ó jẹ ẹ́. Kí a fi ohùn tútù bi àwọn ọmọ léèrè, nítorí pé ọmọ tí a bá jágbe mọ́ kò ní sọ pé òun ló fún ajá ní awọ adìyẹ. Kí a pe dókítà ẹranko lórí fóònù, bí ajá náà bá tilẹ̀ ṣì ń fò sókè sódò, kí a sọ ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ àti gbogbo ohun tí a rí fún un. Bí a bá fi fóònù ya àwòrán èébì rẹ̀, yóò wúlò ju àpèjúwe lọ. Kí omi tó mọ́ wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa bù ú, nítorí pé ajá tí òùngbẹ ń gbẹ lè mu abọ́ kan tán kí ó sì bì í padà lójú ẹsẹ̀. Bí ajá tó dàgbà bá bì lẹ́ẹ̀kan péré, tí ojú rẹ̀ sì dá, a lè dá oúnjẹ rẹ̀ dúró fún wákàtí mélòó kan. Ti ọmọ ajá àti ajá kékeré yàtọ̀: ebi kò gbọ́dọ̀ pa wọ́n pẹ́, nítorí pé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń tètè lọ sílẹ̀, kí a sì kọ́kọ́ gbọ́ ti dókítà. Nígbà tí èébì bá ti dáwọ́ dúró, kí a fún un ní ìrẹsì funfun tí a sè rọ̀, pẹ̀lú igẹ̀ adìyẹ bíbọ̀ tí a ti bó awọ rẹ̀ kúrò, láìfi iyọ̀, Maggi, ata, àlùbọ́sà tàbí òróró sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ó máa jẹ ẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, kí a sì máa ṣọ́ ọ títí ọjọ́ mẹ́ta yóò fi kọjá.

Àwọn ìgbà kan wà tí fóònù kò tó, tí a gbọ́dọ̀ gbé ajá náà dìde kíá. Bí ó bá ń bì léraléra, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú èébì tàbí nínú ìgbẹ́ rẹ̀, bí kò bá lè mu omi dúró, bí èrìgì rẹ̀ bá funfun, bí kò bá lè dìde, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Èyí tí kò fi àyè sílẹ̀ rárá ni ti ajá ńlá tí àyà rẹ̀ jìn, irú Alsatian tàbí Boerboel, tí ikùn rẹ̀ wú le bí ó ti ń gbìyànjú láti bì tí ohunkóhun kò sì jáde. Àpòlùkù rẹ̀ lè ti yí po, wákàtí díẹ̀ sì tó láti pa á. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ ajá tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó ń bì tí ó ń ya ẹ̀jẹ̀, kí a má ṣe fi gbogbo ọkàn lé ọ̀rá tí ó jẹ, nítorí pé parvo, àìsàn kan tí ajá máa ń kó ran ara wọn, ń fi irú àmì bẹ́ẹ̀ hàn, kò sì yẹ kí a fi ìtọ́jú rẹ̀ falẹ̀.

Oúnjẹ àsè wa kì í sì í ṣe ọ̀rá nìkan. Àlùbọ́sà àti aáyù inú ọbẹ̀, ìbáà jẹ́ tútù tàbí sísè, máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan kí àárẹ̀ rẹ̀ tó hàn. Egungun adìyẹ tí a ti sè máa ń fọ́ sí ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun. Igi súyà náà ńkọ́, àti láílọ́ọ̀nù tí òórùn ẹran ti wọ̀ lára tí ajá lè gbé mì pọ̀ mọ́ ẹran? Kí a rántí sọ gbogbo èyí fún dókítà.

Mo bẹ àwọn òǹkàwé kí wọ́n má ṣe sáré lọ sí kẹ́míìsì láti ra oògùn ènìyàn fún ajá. Ibuprofen àti diclofenac tí a fi ń pa ìrora lè dá egbò sí inú ajá, wọ́n sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Dókítà ẹranko ní oògùn tí ó ń dá èébì dúró àti èyí tí ó ń pa ìrora láìṣe ajá léṣe. Yóò fa omi sí i lára, nítorí pé omi tí èébì gbé lọ ni ó ń yára pa á jù, yóò sì yan oúnjẹ tí kò lọ́ràá fún un, èyí tí ó lè jẹ́ pé títí ayé rẹ̀ ni yóò máa jẹ ẹ́. Kò sí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí ó ń wo pancreas tó wú sàn lẹ́ẹ̀kan náà, kí a sì ṣọ́ra fún ẹni tí ó bá sọ pé òun ní in. Ilé ìwòsàn ẹranko tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, àwọn dókítà tí Veterinary Council of Nigeria forúkọ wọn sílẹ̀ sì wà káàkiri àwọn ìlú wa. Kí olúkúlùkù wá nọ́ńbà fóònù ọ̀kan nínú wọn sílẹ̀ kí ọdún tó dé.

Àwọn àgbà kan yóò sọ pé ajá tí àwọn bàbá wa sìn jẹ ohun gbogbo, kò sì kú, wọn yóò sì fi òwe tì í lẹ́yìn pé ohun tí ajá máa jẹ, Èṣù á ṣe é. Mo bọ̀wọ̀ fún òwe náà, ṣùgbọ́n mo rò pé a gbàgbé irú ìgbé ayé tí àwọn ajá yẹn gbé. Ajá ọdẹ ń rìn láti òwúrọ̀ di alẹ́, egungun ẹran ìgbẹ́ tí kò lọ́ràá ni ó ń jẹ, ẹran ọlọ́ràá kò sì wọ́pọ̀ tó ní ilé tí a ó fi jù ú sí ajá. Ajá tòní ń gbé inú ọgbà tí a fi ògiri yí ká, wọ́n so ó mọ́lẹ̀ ní ọ̀sán, wọ́n tú u sílẹ̀ ní òru, a sì ń fi òróró díndín dá a lọ́lá. Yàtọ̀ sí èyí, ajá púpọ̀ kú nígbà náà tí ẹnikẹ́ni kò wádìí ohun tó pa wọ́n, wọ́n kàn gbẹ́ ilẹ̀ sin wọ́n ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ yín, Olóòtú, ni pé kí ẹ jọ̀wọ́ fún dókítà ẹranko kan ní àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Iléyá, àti ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Kérésìmesì, kí ó bá àwọn òǹkàwé sọ̀rọ̀ yìí ní èdè tí gbogbo wa gbọ́. Mo tún fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ alásè gbọ́ ọ, kí wọ́n máa da òróró tí wọ́n fi dín ẹran sínú kẹ́ẹ̀gì tí ó ní ìdérí, kí wọ́n sì gbé e kúrò níbi òde kí wọ́n tó tú kánópì.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn.